Mustang, Supra, Corvette, 911, àbí Mazda kékeré yẹn? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ asáré

Ibi tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ bá ti pé mẹ́ta, àríyànjiyàn ò ní í pẹ́ dé. Ẹnìkan á ní Supra tuntun kì í ṣe Toyota, pé BMW tí wọ́n lẹ àmì Toyota mọ́ ni. Ẹlòmíì á ní Mustang kò mọ̀ ju kó sáré lọ tààrà, pé tí kọ́nà bá dé, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹnìkẹta, tó jẹ́ pé Corolla ló gbé wá síbẹ̀, ló máa pariwo jù: ó ní 911 nìkan ni ọkọ̀, ìyókù ń ṣeré. Èmi náà máa ń dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti tọ́jú owó, tó fẹ́ lọ sanwó lóṣù tó ń bọ̀, ó nílò ohun tó ju ariwo lọ.

Mẹ́fà ni mo mú: Mazda MX-5, Toyota GR86, Toyota GR Supra, Ford Mustang GT, Chevrolet Corvette C8 àti Porsche 911. Epo bẹntiróòlù ni gbogbo wọn ń lò, ẹ̀yìn ni agbára ń gbà jáde lára èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wà káàkiri ọjà Amẹ́ríkà, ní tuntun tàbí ní àlòkù. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ni mo ní lọ́kàn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ tiyín wà nísàlẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ojú. Mi ò ní í ṣe bí ẹni pé ẹwà kò já mọ́ nǹkan. Ohun tó wu ẹni níí pọ̀ nínú ọlà ẹni, kò sì sẹ́ni tó ń kó 60,000 dọ́là lé ohun tí kò ní í bojú wẹ̀yìn wò tó bá ti páàkì rẹ̀ tán. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni pé ìjà lórí ojú ọkọ̀ kì í pẹ́ rọlẹ̀. Nígbà tí Porsche yọ iná róbótó kúrò lójú 911 ní ìparí àwọn ọdún 1990, tó fi èyí tí wọ́n ń pè ní ẹyin díndín rọ́pò rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí Corvette fi iná onígun rọ́pò iná róbótó ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún 2014, ariwo ta. BMW gbé imú gbàgàdà sójú M4 ní 2020, wọ́n bú u títí ẹnu fi ń ro wọ́n. Lónìí, ojú ti mọ́ gbogbo rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti ń wá 911 ẹlẹ́yin díndín kiri. Ìjókòó tó ń dun ẹ̀yìn àti sítíárìn tí kò sọ nǹkan kan fúnni kì í mọ́ọ̀yàn lára bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ohun kejì ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù: báwo ni ọkọ̀ náà ṣe rí lọ́wọ́ yín ní ìwọ̀n eré tí òfin gbà? Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpolówó, agbára ẹṣin báyìí, ìṣẹ́jú àáyá báyìí, orí pápá eré ìje ló ti wúlò. Lójú mọ́tòwéè Ìlú Ọba, 70 máìlì ní wákàtí kan ni òpin. Ní Texas, ojú ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti gbà kéèyàn sá 85, ṣùgbọ́n ojúlé yín kọ́ lọ̀nà yẹn gbà. Jíà kejì nìkan ti tó láti gbé Mustang GT kọjá 70. MX-5 ní tirẹ̀, ẹ lè fa jíà kìíní dópin, kẹ́ ẹ fa ìkejì dópin, kí ẹ́ńjìnì ké tó bó ṣe fẹ́, ọlọ́pàá ò sì ní rí yín mú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà lọ.

Lẹ́yìn èyí ló kan owó, kì í sì í ṣe owó ìrà nìkan: ìnṣọ́ọ̀rànsì, táyà, bíréèkì àti epo wà níbẹ̀. Ó kan bóyá ọkọ̀ náà ṣeé fọkàn tán. Ó wá kan ilé: ta ló máa jókòó sẹ́yìn, kí ló máa wọ búùtù?

Mazda MX-5

Oṣù kejì ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ gbé e han aráyé ní Chicago. Nígbà yẹn, àwọn ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé táwọn ará Ìlú Ọba máa ń ṣe, irú MG àti Lotus ayé àtijọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú títì. Mazda mú ètò wọn, ó fi òróró tí ń jò àti wáyà tí ń ṣojòjò sílẹ̀ fún wọn. Ní 2016, èyí tó pé mílíọ̀nù kan jáde. Irú èyí tó wà lọ́jà báyìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ àgbáyé lọ́dún yẹn kan náà, ó sì gba ti ẹwà mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnì lítà méjì, agbára ẹṣin 181. Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,060 kílò lọ, ibẹ̀ sì ni àṣírí wà. Ọkọ̀ tó wúwo nílò táyà fífẹ̀ àti bíréèkì ńlá. Táyà fífẹ̀ á di ilẹ̀ mú gírígírí débi pé kẹ́ ẹ tó mọ nǹkan kan lára, ẹ ti rú òfin. Mazda fúyẹ́, táyà rẹ̀ kò tóbi, torí náà gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ló ń dé ọwọ́ yín lórí eré 40 máìlì. Tó bá wọ kọ́nà, á fì díẹ̀. Àwọn kan kórìíra fífì yẹn. Èmi gbádùn rẹ̀, torí ó ń sọ fún mi bó ṣe kù sí kí táyà yọ̀.

Ọ̀pá jíà rẹ̀ kúrú, ó sì sún mọ́ orúnkún. Ẹ kò ní í gbé apá. Ọrùn ọwọ́ nìkan lẹ máa yí, jíà ti bọ́ sí ìkejì, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára ìka pé ó ti wọlé. Mi ò tíì fọwọ́ kan mánúà tó dùn jù ú lọ nínú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ò ju nǹkan bí 30,000 dọ́là.

Àwọn kan á pè é ní ọkọ̀ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀; ìyẹn máa ń jẹ́ kí àlòkù rẹ̀ dínwó. Àléébù rẹ̀ gan-an wà níbòmíràn. Ènìyàn gíga á fi orúnkún lu sítíárìn. Kò ní àpótí níwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n gbé ibi ìkó-nǹkan sí. Búùtù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 130 lítà: Ghana-must-go kan tó kún dáadáa á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, ẹ ò sì lè ní kí ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn torí kò sẹ́yìn níbẹ̀. Lójú ọ̀nà jíjìn, ariwo atẹ́gùn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ fóònù. Tẹ́ ẹ bá ń wo àlòkù ti 2016 tàbí 2017, ẹ béèrè dáadáa nípa jíà rẹ̀, torí àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ pààrọ̀ òróró lásìkò, ó tán.

Toyota GR86

Toyota ló ń tà á, Subaru ló ń ṣe é. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ gbalaja, lítà 2.4, agbára ẹṣin 228. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2012, ní 200 péré, ó sì máa ń dà bí ẹni pé oorun ń kùn ún láàárín. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2021 ti wo ìyẹn sàn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ní òrùlé, ó ní ìjókòó mẹ́rin lórúkọ, owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Mazda. Mo ní “lórúkọ” nítorí pé tí awakọ̀ bá ti ti ìjókòó tirẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ríbi gbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ṣeé ṣe. Àgbàlagbà, kó má ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn yẹn lulẹ̀, táyà mẹ́rin á wọlé, ìdí sì nìyẹn táwọn tó máa ń gbé ọkọ̀ lọ sí pápá eré ìje fi ń rà á. Àwọn kan náà ló máa ń ṣọ́ òróró rẹ̀ lójú méjèèjì, torí kọ́nà gígùn tí wọ́n bá fi eré gidi wọ̀ kì í bá ìṣàn òróró rẹ̀ rẹ́. Lójú títì, ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn yín.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Kò burú. Kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó ní ibùdókọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bú u. Ní Ìlú Ọba, òfin ààbò tuntun ti mú kí Toyota dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, nítorí náà àlòkù lẹ máa wá, àwọn tó ní i kì í sì í fẹ́ tà á.

Toyota GR Supra

Òun ló dá ìjà sílẹ̀ jù. Supra tí gbogbo ayé mọ̀ jáde ní 1993, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 2JZ tó lágbára débi pé àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe máa ń fipá gbé e kọjá agbára ẹṣin 1,000. Toyota dáwọ́ dúró ní títà á ní Amẹ́ríkà ní 1998. Àwọn èèyàn retí arọ́pò rẹ̀ fún bí ogún ọdún. Nígbà tó wá dé ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní Detroit, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnì BMW ni wọ́n bá níbẹ̀. BMW Z4 ni ìbejì rẹ̀, ilé iṣẹ́ Magna Steyr ní Graz, ní Austria, ló sì to àwọn méjèèjì. Nọ́bù tí ẹ fi ń darí rédíò, bọ́tìnì, ohùn tó ń dún tẹ́ ẹ bá gbàgbé bẹ́líìtì, gbogbo rẹ̀ ti Jámánì wá.

Èmi ò rí ẹ̀sùn níbẹ̀. Toyota fẹ́ sílíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, BMW ló ń ṣe irú rẹ̀ tó dára jù lákòókò yẹn, owó tí ẹnìkan ìbá dá ná ni wọ́n jọ pín. Ẹ́ńjìnì BMW yẹn, tí wọ́n ń pè ní B58, kò sì ní ìtìjú kankan: orúkọ rere ló ní láàárín àwọn mẹkáníìkì. Àwọn tó ń sunkún orúkọ kì í sábà jẹ́ àwọn tó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀. Wọ́n yà á láti ara ọkọ̀ àwòkọ́ṣe kan, FT-1, tí Toyota gbé jáde ní 2014, ẹ sì máa rí i pé ara ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fún mọ́ orí ọkọ̀ kékeré. Láti ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, kò sí èyí tó rẹwà tó o nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìbàdí rẹ̀ yọ, òrùlé rẹ̀ ní ìgbùú méjì, ìrù rẹ̀ gbé sókè. Láti iwájú, ìlà ti pọ̀ jù. Ihò atẹ́gùn tẹ́ ẹ sì ń rí lára ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fìka kàn án: ike ni wọ́n fi dí i. Bẹ́ ẹ bá sọ gíláàsì méjèèjì kalẹ̀ lórí eré bíi 50 máìlì, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbùm̀gbùm̀ nínú ọkọ̀ débi pé ẹ máa yára gbé e padà. Ẹni tó bá gbé e yẹ̀ wò ní ọjọ́ òtútù kò ní í mọ èyí títí yóò fi sanwó.

Ní ìwakọ̀, ó yára ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ. Agbára ẹṣin 382 ni láti ọkọ̀ ọdún 2021, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bíi 1,540 kílò. Ó kúrú, ó fẹ̀, iwájú rẹ̀ a máa já wọ kọ́nà kíákíá. Tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fara balẹ̀ fún ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 2023 ni wọ́n ti gbà láti fi mánúà sí i, ìyẹn sì ni kẹ́ ẹ wá tó bá ṣeé ṣe. Ìjókòó méjì péré. Búùtù rẹ̀ kò ní ògiri láàárín òun àti ìjókòó, torí náà ariwo táyà ẹ̀yìn ń bá yín wọlé. Nǹkan bí 57,000 dọ́là ni tuntun, epo olówó gọbọi ló sì ń béèrè. Toyota ti kéde pé ọkọ̀ ọdún 2026 ló máa parí ìran yìí, nítorí náà mi ò rò pé iye owó rẹ̀ máa já lulẹ̀ kíákíá.

Ford Mustang GT

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford ṣí aṣọ lójú Mustang ní New York. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, èèyàn tó lé ní 22,000 ló ní àwọn fẹ́. Imú gígùn, ìdí kúkúrú, iná ẹ̀yìn onílà mẹ́ta mẹ́ta: títí dòní, ọmọdé tí kò mọ ọkọ̀ kankan mọ Mustang. Èyí tó wà lọ́jà báyìí jáde fún ọdún 2024. Ojú rẹ̀ ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dà bí ẹni tó ń wá ìjà, ó sì yẹ ẹ́. Inú rẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi: wọ́n yọ aago róbótó kúrò, wọ́n fi gíláàsì ńlá méjì bíi tẹlifíṣọ̀n rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ta ló ń ra Mustang tìtorí aago? V8, ẹ́ńjìnì oní sílíńdà mẹ́jọ, ni ọ̀rọ̀. Lítà márùn-ún, agbára ẹṣin 480, tó ń di 486 tẹ́ ẹ bá gba sàlẹ́ńsà olówó ńlá mọ́ ọn. Kò ní tọ́bò. Tẹ́ ẹ bá fi iná sí i ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, á kọ́kọ́ hó, á wá balẹ̀ sínú ìkùnsínú kan tí gíláàsì fèrèsé aládùúgbò máa mọ̀ sí. Ford mọ̀, ìdí rèé tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnì tó ń dín ariwo ìdájí kù. Àwọn kan náà ló tún fi sí ara kọ́kọ́rọ́ ohun tẹ́ ẹ lè tẹ̀ láti ìta kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bú ramúramù. Kò wúlò fún ohunkóhun. Inú mi dùn pé ó wà.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ẹ̀sùn àtijọ́ yẹn, pé kò lè wọ kọ́nà. Títí di 2014, òótọ́ wà níbẹ̀: irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá já sí kòtò, èkejì á bá a fò. Láti ọdún 2015, táyà kọ̀ọ̀kan ti dá dúró. Ẹni tó bá ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó pẹ́ tó ti wà á kẹ́yìn. Ohun tí mo lè fi sùn ún ni ìwọ̀n, torí ó lé ní 1,700 kílò, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì fún kọ́nà kejì àti ìkẹta.

Fídíò tẹ́ ẹ máa ń rí, níbi tí Mustang ti ń kúrò ní àpéjọ ọkọ̀ tó sì lọ kọ lu òpó, ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Táyà ṣì tutù, awakọ̀ ti pa ohun tó ń dá táyà dúró kó má yọ̀, èèyàn ń wò, ó tẹná mọ́ ọn lójijì, agbára V8 sì dé táyà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pa nǹkan yẹn lójú títì. Ẹ fi táyà gidi sí i kẹ́ ẹ tó ronú nípa ohun mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ rà fún un.

Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 45,000 dọ́là, èyí tó kéré fún V8. Láti 2015 ni Ford ti ń ṣe èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, torí náà ní Ìlú Ọba, ó wà lára V8 tuntun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Kẹ́ ẹ ṣáà ti ṣírò owó orí ọkọ̀ tó wọ́n, torí ìjọba ibẹ̀ ń gba àfikún lọ́dọọdún fún ọdún mélòó kan lórí ọkọ̀ tó bá ju 40,000 pọ́n-ùn lọ ní tuntun. Búùtù gba àpótí ńlá. Ọmọdé méjì lè jókòó sẹ́yìn. Epo? Ẹ má béèrè. Oríṣi kan wà tó ní sílíńdà mẹ́rin àti tọ́bò, agbára ẹṣin 315, ó yára, ó sì dínwó. Lójú tèmi, ẹni tó rà á ra àwòrán Mustang.

Chevrolet Corvette C8

Láti 1953 ni Corvette ti wà, iwájú sì ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà títí di 2019. Zora Arkus-Duntov, ẹnjiníà tó sọ Corvette di ọkọ̀ asáré gidi, fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ General Motors pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì náà sí àárín, lẹ́yìn awakọ̀. Ó kú ní 1996 láìrí i. Ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n ṣe é: V8 lítà 6.2, agbára ẹṣin 490, owó tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ 60,000 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Ó ti tó nǹkan bí 70,000 báyìí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ níye yẹn.

Àwọn tó ń bú ojú rẹ̀ ní ó ń ṣàfarawé Ferrari. Wọn ò parọ́. Inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu: sítíárìn onígun, àti, títí dé ọkọ̀ ọdún 2025, bọ́tìnì tó tò lọ gbọọrọ lórí ògiri kan láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ẹ bá ìyàwó tàbí ọkọ yín jókòó nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, torí nínú èyí tó ní ògiri yẹn, ẹ ò ní lè dira yín lọ́wọ́ mú. Ó rọrùn ní ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ lè san àfikún kí iwájú rẹ̀ lè máa gbéra sókè fún òkè ojú ọ̀nà, á sì máa rántí ibi tí ẹ ti gbé e, tó tó 1,000 ibi, kó lè ṣe é fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún débẹ̀. Ohun tó pín àwa olólùfẹ́ níyà ni pé kò ní mánúà rárá. Ó yára ju èmi lọ láti yí jíà, èmi kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún àlòkù ọdún àkọ́kọ́, torí àwọn kan ṣàròyé lórí jíà rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àtúnṣe.

Porsche 911

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé e jáde ní Frankfurt, 901 sì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí Peugeot tó ní òun ló ni irú nọ́ńbà tí òdo wà láàárín rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, níbi tí kò sí ọgbọ́n ìwé kankan tó lè ní kí wọ́n gbé e sí. Nítorí ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn yẹn, tẹ́ ẹ bá ń jáde nínú kọ́nà, táyà á di ilẹ̀ mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí rẹ̀ kan náà, àwọn ti àtijọ́ máa ń fi ẹ̀yìn síwájú fún awakọ̀ tó bá bẹ̀rù tó yọ ẹsẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí ti gbàgbé ìwà yẹn.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ló dára jù. Mo ti sọ ọ́. Ìta rẹ̀ ṣeé rí láti inú, ó ní ìjókòó kékeré méjì lẹ́yìn fún ọmọdé, búùtù wà níwájú, ẹ sì lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́: ó lé ní 100,000 dọ́là dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kún un, Porsche sì mọ bí wọ́n ṣe ń ta àfikún. Àlòkù ni púpọ̀ nínú wa lè dé. Ẹ wo ìran 911 tí wọ́n ń pè ní 997, èyí tí wọ́n ṣe láti 2009 wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀, pàápàá ìran 996 ẹlẹ́yin díndín, ní béárìn kan nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní IMS. Tó bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Ẹ má ra èyíkéyìí láìjẹ́ pé mẹkáníìkì tó mọ Porsche ti gbé e sókè wò. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ọkàn yín ò ní balẹ̀ tẹ́ ẹ bá páàkì rẹ̀ níwájú ilé ìtajà, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Ẹ fi èyí tó wá láti Ìlú Ọba àti Japan sílẹ̀, torí òfin Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló kù, Mustang ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: òun ló pọ̀ jù nínú wọn lójú títì Èkó, mẹkáníìkì tó ti tú u rí wà, ẹ sì lè rí nǹkan rẹ̀ rà ní Ládìpọ̀ ju ti MX-5 lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023, V8 ti di ọkọ̀ ọjọ́ Sunday fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Supra àti Corvette sún mọ́lẹ̀ jù fún kòtò àti òkìtì tí wọ́n ń pè ní bọ́m̀pù ládùúgbò wa. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti rìmù ńlá, kòtò kan péré ló kù fún wọn.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ ní tòótọ́, tó ní ọkọ̀ mìíràn nílé fún ẹrù: MX-5, kó má sì wo ẹ̀yìn. Tí ilé bá tutù jù fún aláìlórùlé, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ máa lọ sí pápá eré ìje lópin ọ̀sẹ̀, GR86.

Ẹni tí ohùn ń gbé lọ́kàn, tó fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa juwọ́ sí òun, tó sì nílò búùtù: Mustang GT, mánúà, pẹ̀lú táyà tuntun. Mo gbà pé Supra yára jù ú, ó sì mọ kọ́nà jù ú. Ẹni tó bá ń dá gbé tàbí tó jẹ́ ẹni méjì péré, tó fẹ́ ọkọ̀ tó máa dúró wò lẹ́yìn tó bá tì í, kó ra ti 2023 sókè.

Ìrìn àjò gígùn láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní í sunkún mánúà: Corvette. 911 wà fún ẹni tó máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ti ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí owó ìrà.

Ẹni tó bá sì ní ọmọ méjì àti ìyá ìyàwó nílé, kò sí ọ̀kankan tó bá a mu nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kó lọ wo Volkswagen Golf R: ìjókòó márùn-ún, ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn, agbára lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyá ìyàwó ò sì ní mọ̀ pé ọkọ̀ asáré ni títí ẹ ó fi tẹná mọ́ ọn.